Ẹ Má Yára Pe Ẹ̀rọ Ní Òkú

Ẹ̀yin ọmọ mi tó wà ní Ìkìrun, ní Ìnísà àti ní Òkukù, ẹ̀yin tí ẹ ń tún fóònù ṣe létí títì, ẹ̀yin tí ẹ ń ta láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé ní Ìrèé tàbí ní ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà ní Òkukù, ẹ fún mi létí. Owó ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn òbí yín lórí ẹ̀rọ tí kò lè ṣe ohun tí wọ́n torí rẹ̀ rà á. Ẹ̀yin náà sì ń da ẹ̀rọ tó ṣì lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Nǹkan kan náà ló ń fa méjèèjì. A kì í béèrè irú prósẹ́sọ̀ tó wà nínú ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ni a kì í béèrè àwọn tó ṣì ń ṣe ètò fún irú prósẹ́sọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, torí náà n ó sọ ọ́ kó kúnná.

Ẹ wo ojú irin tó gba àdúgbò wa kọjá. Ojú irin àtijọ́ tó ti Èkó wá, tó gba Ìbàdàn àti Òṣogbo dé Ìkìrun, tó sì gba Òkukù lọ sí Ọ̀fà, mílímítà 1,067 ló wà láàárín irin rẹ̀ méjèèjì. Ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí láàárín Èkó àti Ìbàdàn lọ́dún 2021, mílímítà 1,435 ni tirẹ̀. Ọkọ̀ tuntun náà yá, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n kò lè gba orí irin àtijọ́ dé Ìkìrun láéláé, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju irin náà lọ. Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ètò tí wọ́n ṣe fún irú prósẹ́sọ̀ kan ṣe máa ń rí bí ẹ bá gbé e sórí irú mìíràn. Ẹ lè tún un gbé sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò ní jí.

Prósẹ́sọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àwọn àṣẹ tó ń gbọ́. Irú méjì ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa. Ọ̀kan ni x86, èyí tí Intel bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8086 lọ́dún 1978. Òun ló wà nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù HP, Dell àti Lenovo tí ẹ ń tà. Lọ́dún 2003, AMD tó ń bá Intel du ọjà ló kọ́kọ́ gbé x86 tó ń lo 64-bit jáde, Intel fúnra rẹ̀ sì wá tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ amd64 sára fáìlì tó jẹ́ pé láptọ́ọ̀pù Intel náà lè lò. Ọmọ kan lè rí orúkọ yẹn, kó ní ti òun kọ́, nítorí pé Intel ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara láptọ́ọ̀pù òun. Tirẹ̀ ni o. Kó gbà á láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kó má fi dátà wá òmíràn kiri.

Èkejì ni ARM. Ilé iṣẹ́ Acorn ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é. Sophie Wilson ló ṣètò àwọn àṣẹ rẹ̀, Steve Furber sì ya bí chip náà yóò ṣe rí. Àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ lóṣù Kẹrin ọdún 1985. Kì í jẹ iná púpọ̀. Níbi tí iná ọba ti ń lọ tó ń bọ̀ bíi tiwa, ẹ mọ bí ìyẹn ti tó. Òun ló wà nínú Tecno, Infinix, itel, Samsung àti iPhone. MTK àti SPD tí ẹ máa ń pè lórí tábìlì iṣẹ́ yín, orúkọ àwọn tó ṣe chip ni. Àṣẹ ARM ni gbogbo wọn ń gbọ́.

Ẹ ó wá bi mí pé, bí gbogbo fóònù wọ̀nyí bá jẹ́ ARM, kí ló dé tí fáìlì Tecno kan fi ń pa Tecno mìíràn? Ìbéèrè gidi nìyẹn, n kò sì ní sáré kọjá lórí rẹ̀.

Lórí láptọ́ọ̀pù x86, kí Windows tàbí Linux tó jí, ètò kékeré kan ti wà nínú bọ́ọ̀dù. BIOS ni àwọn ọ̀gá yín ń pè é, UEFI ni ti òde òní. Òun ló máa ń ròyìn fún ètò tó ń bọ̀: mẹ́mórì tó wà rèé, dísìkì rèé, síkírìnnì rèé. Nítorí náà, fláàṣì kan ṣoṣo tí Linux wà lórí rẹ̀ lè jí HP lówùúrọ̀, kó jí Dell lọ́sàn-án. Fóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe bọ́ọ̀dù fóònù to káàmẹ́rà, bátìrì àti síkírìnnì síbi tó wù ú, kò sì sí ẹni tí yóò ròyìn fún Android nígbà tó bá jí. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, fún bọ́ọ̀dù yẹn gan-an.

Ọ̀rọ̀ yìí kó wàhálà bá Linux púpọ̀. Lọ́dún 2011, Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Fínlándì tó bẹ̀rẹ̀ Linux lọ́dún 1991, bínú ní gbangba lórí bí kóòdù oríṣiríṣi bọ́ọ̀dù ARM ṣe ń rọ́ wọlé láìní ètò. Ohun tí wọ́n fi yanjú èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ni device tree, ìyẹn fáìlì kan lọ́tọ̀ tó ka gbogbo ohun tó wà lórí bọ́ọ̀dù lẹ́sẹẹsẹ, tó sì sọ ibi tí a ti lè bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Láti ìgbà náà ni kernel (ọkàn ètò Linux) kan ṣoṣo ti lè ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù ARM, bí fáìlì yìí bá ṣáà ti bá bọ́ọ̀dù náà mu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fláàṣì fóònù, ẹ wá rí i pé orúkọ módẹ́ẹ̀lì nìkan kò tó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Fóònù méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà, kí síkírìnnì inú wọn yàtọ̀, nítorí pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni ilé iṣẹ́ ti ra èyí tó kẹ́yìn. Ẹ máa wo build number kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan. Lórí MTK, ẹ kọ́kọ́ ṣe bákọ́ọ̀pù NVRAM, nítorí pé ibẹ̀ ni IMEI wà. Ẹni tó bá tẹ Format All láìṣe bákọ́ọ̀pù lè rí i pé fóònù tàn, àmọ́ IMEI rẹ̀ ti lọ, kò sì ní lè pe ẹnikẹ́ni. Oníbàárà kò mọ NVRAM. Ohun tó mọ̀ ni pé fóònù òun ń pè kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, bó sì ṣe máa sọ ọ́ fún ìlú nìyẹn.

Nǹkan kan tún wà lórí fóònù tó máa ń rú àwọn ọmọ lójú. ARM tó ń lo 32-bit wà, èyí tó ń lo 64-bit sì wà. Áàpù tí wọ́n kọ armeabi-v7a sí lára wà fún ti 32, arm64-v8a wà fún ti 64. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 ni Google ti pàṣẹ pé áàpù tó bá fẹ́ wọ Play Store, tó sì ní kóòdù tí wọ́n kọ́m̀páìlì fún prósẹ́sọ̀ nínú, ìyẹn èyí tí wọ́n ti sọ di àṣẹ tí prósẹ́sọ̀ ń gbọ́, gbọ́dọ̀ mú ti 64 wá. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú tó ní mẹ́mórì díẹ̀, 64 ni prósẹ́sọ̀ wọn, 32 ni Android tí ilé iṣẹ́ gbé sórí rẹ̀, kó má baà jẹ mẹ́mórì tán. Nítorí náà, bí áàpù tí ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ bá kọ̀ tí kò wọlé, ẹ wo èyí kí ẹ tó sọ fún màmá arúgbó kan pé àfi kó ra fóònù tuntun.

Ó wá kan ẹ̀yin tí ẹ ń ta tòkunbọ̀. Chromebook, láptọ́ọ̀pù tó ń lo ètò Google, ń wọ ọjà wa, owó rẹ̀ kò pọ̀, ó fúyẹ́, bátìrì rẹ̀ sì ń pẹ́. Òbí tó fẹ́ rà á fún ọmọ tó wọlé sí yunifásítì yóò béèrè pé ṣé Windows máa wọ̀ ọ́. Ẹ má dáhùn kí ẹ tó mọ prósẹ́sọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ Intel tàbí AMD, púpọ̀ nínú wọn wà tí a lè yí ètò inú bọ́ọ̀dù wọn padà kí wọ́n gba Linux, àwọn mìíràn gba Windows náà. Bó bá jẹ́ MediaTek tàbí ARM mìíràn, ẹ sọ òtítọ́: Windows kò ní wọ̀ ọ́. Google máa ń dá ọjọ́ tí àtúnṣe rẹ̀ yóò parí fún Chromebook kọ̀ọ̀kan, a sì lè wo ọjọ́ náà nínú ibi ètò rẹ̀. Ẹ máa fi han oníbàárà kó tó sanwó. Ẹni tó bá ta ọjà báyìí fún ìyá ọlọ́jà kan ní Ìnísà, ọmọ ìyá náà ni yóò tún mú oníbàárà mìíràn wá.

Ti Windows fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Windows 11 kò gba púpọ̀ jù nínú Intel Core tí ìran wọn kò dé ìkẹjọ, kò sì sí ti 32-bit rárá. Láptọ́ọ̀pù tó ṣì ń tàn dáadáa, tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ pé, ni a ń pè ní aláìwúlò nítorí ìpinnu tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí Microsoft máa ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Windows NT 4.0 jáde lọ́dún 1996, ó ń ṣiṣẹ́ lórí x86, Alpha, MIPS àti PowerPC. Nígbà tí Windows 2000 fi máa jáde, x86 nìkan ló kù. Èrè kò tó lórí àwọn yòókù, wọ́n sì pa á tì. Oníṣòwò ni wọ́n, n kò bá wọn jà. Ẹ̀yin ni mo ń bá wí, tí ẹ gbà pé bí oníṣòwò bá ti pa ẹ̀rọ tì, ẹ̀rọ náà ti kú.

Àwọn èèyàn kan wà láyé tí wọn kò gbà bẹ́ẹ̀. Debian, oríṣi Linux kan tí Ian Murdock dá sílẹ̀ lóṣù Kẹjọ ọdún 1993, kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan. Àwọn afínúfíndọ̀ ló ń ṣe é. Lọ́dún 1998, nígbà tí wọ́n gbé Debian 2.0 jáde, ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí irú prósẹ́sọ̀ méjì, x86 àti Motorola 68000. Debian 13, tó jáde lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ń ṣiṣẹ́ lórí irú méje: láptọ́ọ̀pù tó ń lo amd64, oríṣi ARM mẹ́ta, ẹ̀rọ ńláńlá IBM méjì, àti RISC-V. NetBSD, ètò mìíràn bíi Linux tí òun náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1993, ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tí irú wọn lé ní 50, títí kan èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti wọlé sùn tipẹ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ìtàn Raspberry Pi ni mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré tí kò ju káàdì ìdánimọ̀ lọ yìí jáde lọ́jọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2012, fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Àmọ́ ARMv6, irú ARM kan tó ti gbó, ló wà nínú rẹ̀. Debian tó yá jù lórí ARM nígbà náà, ARMv7 sókè ló wà fún. Èyí tó gba ARMv6 kì í lo apá prósẹ́sọ̀ tó ń ṣe ìṣirò onídésímà, nítorí náà ó ń falẹ̀. Ọkùnrin méjì, Mike Thompson àti Peter Green, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ kéékèèké olówó díẹ̀ jọ, wọ́n sì tún gbogbo Debian kọ́m̀páìlì fún prósẹ́sọ̀ yẹn, páákéèjì ètò tó lé ní 35,000, wọ́n sì parí rẹ̀ lóṣù Kẹfà ọdún 2012. Wọ́n pè é ní Raspbian. Àwọn tó ṣe Raspberry Pi kọ́ ló gbà wọ́n síṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọdé lágbàáyé ló fi iṣẹ́ ọwọ́ àwọn méjì yẹn kọ́ kọ̀ǹpútà, tí wọn kò sì mọ orúkọ wọn.

Ẹ má rò pé kì í rẹ àwọn afínúfíndọ̀. Debian 13 yìí kan náà kò ní kernel tàbí ètò ìgbésórí-ẹ̀rọ mọ́ fún x86 tó jẹ́ 32-bit nìkan. Ẹni tó bá ní láptọ́ọ̀pù kékeré àtijọ́ tó ń lo Intel Atom N270, kó má gbé Debian 13 lé e. Debian 12 tàbí NetBSD ni kó lò. Irú prósẹ́sọ̀ kan máa ń kúrò nígbà tí kò bá sí ẹni tó ṣì ń kọ́m̀páìlì fún un, tó ń dán an wò, tó sì ń tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe. Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyẹn. Àwa tí a ń lo ẹ̀rọ àtijọ́ jù lọ láyé, àwa ló yẹ kí a wà nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn tó ń sọ ẹ̀rọ nù lẹ́yìn ọdún mẹ́ta kò ní bá wa tọ́jú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fún ilé ìwé náà. Ní ìpínlẹ̀ tiwa, lóṣù Kẹfà ọdún 2013, Gómìnà Raúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá ṣí Ọpọ́n Ìmọ̀, tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìjọba sọ pé òun fẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ 150,000 nílé ìwé girama. Android ni wọ́n lò. Wọ́n kó ìwé tó lé ní 50 sínú rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ 17, pẹ̀lú ìbéèrè ìdánwò tó ti kọjá. Mo gbóríyìn fún èrò náà títí dòní, nítorí pé ọmọ tálákà ní abúlé Odò-Ọ̀tìn di ìwé tí bàbá rẹ̀ kò lè rà mú lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́ nínú rẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ máa ṣe irú rẹ̀ lọ́la, ni láti ya ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀rọ. Ìwé tó wà ní PDF, EPUB tàbí HTML lè ṣí lórí ARM, lórí x86, lórí RISC-V. Èyí tí ẹ bá kọ́m̀páìlì mọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, ọjọ́ tí bátìrì rẹ̀ bá wú ni ẹ̀kọ́ náà parí. Ẹ wo àpẹẹrẹ èyí tó bọ́ sí i: ní Gàládímà, l'Ábújá, lọ́dún 2007, wọ́n fún àwọn ọmọ ilé ìwé kan ní láptọ́ọ̀pù ọmọdé tí wọ́n ń pè ní XO. AMD Geode, tó jẹ́ x86, ló wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Nígbà tó yá, àwọn tó ṣe é gbé XO mìíràn jáde pẹ̀lú ARM, ètò Sugar tí àwọn ọmọ ń lò sì bá a lọ, nítorí pé orí Linux ló wà, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba.

Mo dárúkọ RISC-V lẹ́ẹ̀mejì láìṣàlàyé. Yunifásítì California ní Berkeley ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2010. Intel àti AMD ni x86 wà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ARM gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kó sì sanwó. Àwọn àṣẹ RISC-V wà fún gbogbo ayé, ẹnikẹ́ni lè ṣe chip tó ń gbọ́ ọ láì tọrọ àyè. Bí ọmọ Nàìjíríà kan bá máa ya prósẹ́sọ̀ ní ọjọ́ kan, ibẹ̀ ni mo rò pé ọ̀nà rẹ̀ máa gbà. Ẹ kò nílò láti ra bọ́ọ̀dù rẹ̀ kí ẹ tó kọ́ ọ. QEMU, tí Fabrice Bellard bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003, lè mú kí láptọ́ọ̀pù Intel yín ṣe bíi RISC-V tàbí ARM. Yóò falẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ṣiṣẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ẹni tí kò ní láptọ́ọ̀pù, kó gbé áàpù Termux sórí fóònù rẹ̀. Kó tẹ uname -m. Bó bá rí aarch64, ARM tó ń lo 64-bit ni. Armv7l tàbí armv8l, 32 ni Android rẹ̀ ń lò. Lórí láptọ́ọ̀pù, x86_64 ni yóò máa rí jù. Nínú Termux yẹn náà ló ti lè gba clang, ètò tó ń kọ́m̀páìlì kóòdù, kó kọ ètò kékeré, kó sì kọ́m̀páìlì rẹ̀ lórí fóònù tó ń fi wo bọ́ọ̀lù. Kó wá gbé ohun tó kọ́m̀páìlì lọ sórí láptọ́ọ̀pù, yóò sì rí i bó ṣe máa kọ̀. Kó tún un kọ́m̀páìlì níbẹ̀ láti inú kóòdù kan náà, yóò ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ tí ètò kan bá kọ̀ lórí ẹ̀rọ tí ẹ gbé e sí, ẹ má wulẹ̀ kọjá lọ. Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ń ṣe é: ohun tí uname -m sọ, orúkọ ẹ̀rọ àti módẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ẹ̀dà kernel, ohun tí ẹ ṣe, ohun tí ẹ retí, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kọ sójú síkírìnnì láì yọ lẹ́tà kan. Gẹ̀ẹ́sì yín kò nílò láti dùn, kó ṣáà yé wọn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dán àtúnṣe wò, ẹ dán an wò lọ́jọ́ tí iná bá wà, kí ẹ sì dá wọn lóhùn.